Ọ̀dà Funfun Tó Pa Wúràọlá Ògúnmúyìwá

Wúràọlá Ògúnmúyìwá ti kú. Paramọ́lẹ̀ ló bù ú jẹ nínú oko kòkó lẹ́yìn Odò-Ọwá, lọ́sàn-án gangan, lọ́jọ́ ọjà Ìjerò. "Ejò ló pa á," ni wọ́n ń wí káàkiri. Mo ní irọ́ ni. Ejò ti ń bu ènìyàn jẹ lágbègbè wa láti ayé àwọn baba wa, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bù jẹ sì wà láyé, tí wọ́n ń fi àpá ẹsẹ̀ han ọmọ-ọmọ wọn. Ejò bu màmá jẹ, n kò jiyàn. Àmọ́ ìgbìmọ̀ kan tó jókòó sábẹ́ fáànù, tó ń fi rúlà wọn bí orúkọ ọmọ ènìyàn ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó nínú ìwé fóònù, àwọn ló pa á. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá bí nínú, n ó dúró dè é.

Mo mọ màmá dáadáa. Ojúde wọn ni mo ti ṣe kékeré. Nígbà tó wọ ilé ọkọ, ó bá àwa ọmọ wẹ́wẹ́ nílé, ẹ kúkú mọ àṣà wa: ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ. Ìbáà jẹ́ ọmọ tí kò tíì lè rìn, ọkọ rẹ̀ ni. Wúràọlá wá sọ gbogbo wa lórúkọ tirẹ̀. Èmi tí n kì í gbà kí wọ́n rẹ́ mi jẹ, Ẹlẹ́jọ́ ló pè mí. Hàrúnà, tí ìyá rẹ̀ ń ta obì tó sì háyà yàrá lágboolé náà, tín-ín-rín bí igi ìgbálẹ̀ ló rí nígbà yẹn. Ìyàwó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Òpéléńgé, ọkọ mi." Bí orúkọ náà ṣe lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn, tí gbogbo ìlú gbà á lẹ́nu rẹ̀. Lónìí Hàrúnà ti sanra, ó ti yọ ikùn, kò ku òpéléńgé kankan lára rẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹ bá dé Ikoro, níbi tó ti ń fi mọ́tò ná èrò, tí ẹ béèrè Hàrúnà Àbdùlláhì, wọn á bi yín pé àlejò láti ibo nìyẹn.

Hàrúnà dàgbà, ó ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan, ó kọ Òpéléńgé sí iwájú rẹ̀. Ilé Ògún ni ilé Ògúnmúyìwá, Mùsùlùmí sì ni Hàrúnà, ṣùgbọ́n lọ́dọọdún tí wọ́n bá ń bọ Ògún, màmá á ránṣẹ́ sí i pé kó gbé irin náà wá. Á gbé e wá, á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa ṣe Bísímílà tirẹ̀ lábẹ́nu, màmá á sì máa wọ́n omi tútù sí táyà. Ó ní irin kì í béèrè ẹ̀sìn. Òun náà ló pe Hàrúnà lọ́jọ́ tí aboyún kan rọbí ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀, tí wọn kò mọ ibi tí wọn yóò ti rí ọkọ̀. Ó ní, "Òpéléńgé, kọ nọ́ḿbà rẹ sára ògiri ulé ùwòsàn yìí. Kọ ọ́ gàdàgbà, kí ẹni tó ń sunkún lè rí i."

Ó kọ ọ́. Ọ̀dà dúdú, lẹ́tà tó tóbi bí orí ọmọdé. Àwọn tó gun ọkọ̀ náà dé ọsibítù tí wọ́n sì padà wálé lẹ́sẹ̀ ara wọn, Ọlọ́run nìkan ló mọ iye wọn. Hàrúnà á kọ́kọ́ gbé aláìsàn ná, lẹ́yìn náà ni yóò tó béèrè ẹni tó ni ín.

Ọ̀làjú wá dé. Àwọn kan kó ara wọn jọ, wọ́n pe ara wọn ní Ìgbìmọ̀ Ìwé Fóònù, wọ́n ní àwọn fẹ́ kó nọ́ḿbà gbogbo oníṣòwò, láti Ìjerò dé Arámọ̀kò dé Ẹ̀fọ̀n, sínú ìwé kan ṣoṣo. Ohun tó dára ni, àfi ìgbà tí òfin wọn jáde. Orúkọ bàbá ni kó ṣíwájú. Ìnagijẹ kò gbọ́dọ̀ wọlé. Bàbá Lágbájá, Ìyá Lágbájá, Àlhájì Lágbájá, èèwọ̀ ni. Àdírẹ́sì gbọ́dọ̀ ní nọ́ḿbà ilé àti orúkọ títì, ẹ má ṣe kọ "lẹ́yìn igi ọdán" ránṣẹ́ sí wọn. Ó dáa, ẹ bá mi wá ilé tó ní nọ́ḿbà lọ́nà oko Odò-Ọwá, kí n dọ̀bálẹ̀ fún yín. Èyí tó burú jù ló kẹ́yìn: nọ́ḿbà iṣẹ́ èyíkéyìí tí wọ́n bá rí lára ògiri ìta gbangba, ìpolówó tí wọn kò fọwọ́ sí ni, wọn yóò pa á rẹ́.

Ìwé jáde, mo ṣí i. Ìyá Ẹlẹ́rọ tó ń lọ ata fún gbogbo Ikoro ti di Maimunah Ẹ́ńtápíráìsì. Ta ni yóò gbé ata lọ bá Ẹ́ńtápíráìsì? Ti Hàrúnà, wọ́n dá a padà léraléra. Ó kọ Òpéléńgé, wọ́n ní rárá. Ó kọ Hàrúnà Òpéléńgé, wọ́n tún ní rárá. Ó ṣàlàyé pé aláìsàn lòun ń gbé, wọ́n ní kò sí irú ìsọ̀rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn, kó mú ọ̀kan nínú èyí tó wà nílẹ̀. Nígbẹ̀yìn wọ́n lu òǹtẹ̀ fún "Àbdùlláhì H., Lọ́jísítíìsì", wọ́n tò ó sáàárín àwọn tó ń kó sìmẹ́ńtì. Alága wọn ńkọ́? Odindi ojú ìwé ni hòtẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ gbà, pẹ̀lú fọ́tò, pẹ̀lú fìlà, pẹ̀lú "Olóyè", àti ìnagijẹ tó gùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já létí ìwé. Ṣé òfin kò mọ ọ̀nà ilé Alága ni, àbí ó dé ibẹ̀, ó kí i, ó sì padà?

Lẹ́yìn ìwé ni àwọn ọlọ́dà dé. Màmá jáde sí wọn, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí ni ògiri ṣe yín?"

Ọ̀kan nínú wọn dá a lóhùn pé, "Màmá, ẹ má bínú. Gbogbo ẹ̀ ti wà nínú ìwé."

Màmá ní, "Èmi kò mọ̀wé. Ògiri ni mo mọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n kùn ún mọ́lẹ̀, ó funfun báláú. Wọ́n wá fi okùn so ìwé kan kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ bí ìwé náà ṣe ṣiṣẹ́. Naomi, ìyàwó ọmọ màmá, ló bá a lọ sóko lọ́jọ́ náà. Òun ló fà á jáde láàárín igi kòkó, òun ló dì í mú lórí ọ̀kadà àjèjì kan tó ń kọjá, tó já wọn sí ilé ìwòsàn tó sì bá tirẹ̀ lọ. Fóònù rẹ̀ ti já bọ́ sínú ewé níbi tó ti ń fà á. Nọ́ọ̀sì Mary, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti ìlú mìíràn, wo ẹsẹ̀ màmá, ó ní, "Oògùn ejò kò sí lọ́dọ̀ wa. Ọsibítù Adó ló wà. Ẹ wá mọ́tò, kíá!" Màmá ti ń bì, ọrùn rẹ̀ kò dúró mọ́, kò sí ọ̀kadà tó lè gbé e.

Naomi ní, "Òpéléńgé! Nọ́ḿbà rẹ̀ wà lára ògiri." Ó yíjú sí ògiri. Ògiri ń wò ó, funfun.

Nọ́ọ̀sì já ìwé lókùn, ó ń ṣí i. "Òpéléńgé kò sí níbí. Kí ni orúkọ rẹ̀ gan-an?"

"N kò mọ̀, nọ́ọ̀sì. Ọkọ mi ni, mo bá a nílé ni. Bí màmá ṣe ń pè é lèmi náà ń pè é." Ó bá kúnlẹ̀ ti màmá, ó ń bẹ̀ ẹ́: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ Òpéléńgé?"

Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni obìnrin yìí fi yẹra fún orúkọ náà nítorí ọ̀wọ̀, ahọ́n rẹ̀ sì ti wúwo. Ohun tó ń sọ ṣáá ni, "Òpéléńgé. Ẹ pe Òpéléńgé."

Nọ́ọ̀sì pe àwọn onímọ́tò tó rí nínú ìwé. Ọ̀kan ní sìmẹ́ńtì nìkan lòun ń kó, nọ́ọ̀sì bá fo gbogbo àwọn tó kù ní ìsọ̀rí náà. Òmíràn ní Adó lòun wà. Òmíràn kò gbé e. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti lọ sọ́jà, ìyókù wà lóko. Nígbà tí wọ́n fi máa rí ọkọ̀ akẹ́rù kan dá dúró lójú títì, ilẹ̀ ti ṣú mọ́ màmá lójú. Kò dé Arámọ̀kò. Orí ẹsẹ̀ Naomi ló kú sí.

Níbo ni Hàrúnà wà? Gáréèjì Ikoro. Ó jókòó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ń retí èrò, fóònù rẹ̀ wà lápò. Nọ́ḿbà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí wọ́n sọ fún un, ó fi orí gbá ọkọ̀ ara rẹ̀. Ó ní, "Èmi tí ó sọ lórúkọ!" Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò létí mi.

Mo tọ Alága lọ ní hòtẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Ó fi mí sórí àga tìmùtìmù, ó ní kí n fara balẹ̀. Ó ní nọ́ḿbà ọkùnrin náà wà nínú ìwé, pé wọ́n tò ó bó ṣe yẹ, àwọn kò jẹ̀bi. Ó ní, "Ṣé àwa la ní kí wọ́n má mọ orúkọ ẹni tó ń gbé wọn?" Ẹnu rẹ̀ kò tíì padé tí ọmọbìnrin kan fi yọjú pé àlejò kan ń wá mọ́tò tí yóò gbé e lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Alága kò tilẹ̀ yíjú. Ó ní, "Ẹ pe Òpéléńgé fún un."

Mo dìde. Ká ní mo dúró, ọwọ́ mi ì bá ti ṣe ohun tí ẹnu mi kò rán an.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ta ni ẹ kọ ìwé yẹn fún? Ṣé fún ẹni tó ń wá ìrànlọ́wọ́ ni, àbí kí ìlà lè tọ́? Ẹ mọ orúkọ tí ìlú ń pè é. Ẹnu yín fi ń pè é nígbà tí ẹ bá nílò rẹ̀. Ẹ wá fi òfin gbà á lọ́wọ́ opó tí kò ní fóònù, ẹ gbé ìwé fún un, ìwé tí kò lè kà. Àwọn ará ìlú sì ń sọ pé kádàrá ni. Kádàrá wo ló ń ra ọ̀dà?

Mo fẹ́ orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí ọ̀dà náà, orúkọ bàbá rẹ̀ ni kó ṣíwájú, gẹ́gẹ́ bí òfin yín. Mo fẹ́ kí ẹ kó ìwé yẹn nílẹ̀ kúrò ní gbogbo ilé ìwòsàn, títí ẹ ó fi to ènìyàn sínú rẹ̀ bí ènìyàn ṣe mọ̀ wọ́n. Lẹ́yìn náà, kí Alága fúnra rẹ̀ gbé ọ̀dà dúdú lọ sí Odò-Ọwá. Kó má rán ọmọ iṣẹ́. Naomi yóò dúró tì í, Hàrúnà yóò dúró tì í, èmi Ẹlẹ́jọ́ náà yóò wà níbẹ̀. Kó kọ Òpéléńgé padà sára ògiri náà, pẹ̀lú nọ́ḿbà rẹ̀ nísàlẹ̀. Kó kọ ọ́ gàdàgbà, kí ẹni tó ń sunkún lè rí i.