Ìkúnlẹ̀ Lórí Òkè Ẹtù

Bí o bá dé àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó-Èkìtì tí o béèrè Ràṣídátù, wọn yóò kọ́kọ́ bi ọ́ pé èwo nínú wọn. Sọ pé oníkẹ̀kẹ́. Kíá ni wọn yóò nawọ́ sí ìsọ̀ onípákó kan tí wọ́n fi táyà àlòkù ṣe ọgbà yí ká. Bàdírù, bàbá rẹ̀, ló ni ìsọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Obìnrin nìkan ni bàbá náà bí, àwọn èèyàn sì ń káàánú rẹ̀ pé ta ni yóò jogún pọ́ǹpù àti sípánà. Àánú òfo. Ràṣídátù kò tíì kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti ń tú ẹ̀wọ̀n kẹ̀kẹ́ tó sì ń dá a padà, ọwọ́ rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.

Nígbà tí bàbá rẹ̀ fi máa kú, ọ̀kadà ti gba gbogbo ìgboro, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí mọ́. Ẹlòmíràn ì bá ti sọ ìsọ̀ náà di ibi tí wọ́n ti ń ta káàdì fóònù. Ràṣídátù ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn èèyàn jáde ní àràárọ̀ Sátidé: àwa òṣìṣẹ́ ìjọba tí ìdí wa ti fẹjú lórí àga, àwọn olùkọ́ yunifásítì, àti àwọn àlejò tó bá wá láti Èkó tàbí Àkúrẹ́ láti wo òkè àti adágún. Láti Adó a ó gba Ìyìn lọ sí Ìgèdè, lẹ́yìn náà a ó yà sí ọ̀nà oko. Kò sí ọ̀nà tó máa mú wa gbà tí kò ní kọ́kọ́ dá gba ibẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Òun náà ló ń bẹ àwọn àgbẹ̀ kí wọ́n jẹ́ ká gba ẹ̀bá oko wọn kọjá.

Òfin kan ṣoṣo ló ní. Kí a tó sọ̀kalẹ̀ lórí òkè èyíkéyìí, yóò di kẹ̀kẹ́ kálukú mú, yóò fún búréèkì rẹ̀ pinpin, yóò sì tì í síwájú. Bí kẹ̀kẹ́ bá yí, ẹsẹ̀ ni olúwarẹ̀ máa fi sọ̀kalẹ̀. Ó ti mú ọ̀gá mi pàápàá fi ẹsẹ̀ rìn rí, Dókítà Olúwarótìmí, tí ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì wa kò tó bá wí. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, n kò ní purọ́.

Àmọ́ ọjọ́ ń bọ̀ tí Ọ̀gá Bámgbóyè máa tẹ̀lé wa.

Gbogbo Adó ló mọ Ọ̀gá Bámgbóyè. Ọmọ́níyì ni orúkọ rẹ̀ gan-an, àmọ́ kò sẹ́ni tó jẹ́ fi pè é. Ó ti ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì, àwọn tó nà lẹ́gba ti di bàbá ọmọ, wọ́n sì tún ń dọ̀bálẹ̀ fún un ní gbangba. Pamílẹ́rìn ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ fẹ́ Ràṣídátù. Bàbá kò tíì gbà. Ó ní ọmọ ìjọ ni àwọn láti ilẹ̀, ó tún ní obìnrin tó ń fi sípánà jẹun, irú ìyàwó wo nìyẹn? Ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ku ọ̀sẹ̀ kan, Pamílẹ́rìn wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Àbújá, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ lórí fóònù. Ni bàbá bá ní ojú lọ̀rọ̀ wà, òun yóò tẹ̀lé wa lọ ní Sátidé, kí òun fi ojú ara òun wo ọmọ náà. Ó gbé kẹ̀kẹ́ tó fi ń lọ sí iṣẹ́ nígbà èwe rẹ̀ jáde, ó nù ún, ó ń dán.

"Àǹtí Bọ́sẹ̀," Ràṣídátù rọra sọ fún mi nígbà tí a ń kúrò ní Adó, "ẹ bá mi gbàdúrà o. Bí wọ́n bá kọ̀ lónìí, Pamílẹ́rìn ò lè borí wọn."

Mo sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀. Ọkàn tèmi gan-an kò balẹ̀.

Láti Ìyìn dé Ìgèdè, kò sí ohun tí ojú bàbá náà kò wò. Bí a bá dúró, Ràṣídátù á kúnlẹ̀ gbé omi fún un. Bí ó bá sọ̀rọ̀, á ní "bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ọmọ tó mọwọ́ wẹ̀ ni, ó fẹ́ bá àgbà jẹun. Mo rí i pé ojú bàbá ti ń tú ká díẹ̀díẹ̀. Ó tiẹ̀ bi í léèrè bóyá ìyá rẹ̀ ń ṣe dáadáa. Nígbà tí a fi gun Òkè Ẹtù dé orí, mo ti ń wò ó pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ sí i.

Láti orí òkè náà, adágún là ń wò nísàlẹ̀, omi tẹ́ lọ bẹẹrẹ láàárín àwọn òkè. Ọ̀nà náà sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ bá a. Ràṣídátù kó wa jọ.

"Afárá ìsàlẹ̀ yẹn ti wó," ó ní. "Òjò ló gbé e lọ, òkúta nìkan ló kù. Bí ẹ bá dé ìdí ìrókò yẹn, ẹ sọ̀kalẹ̀, ká gba inú oko ẹ̀gẹ́ dé etí omi. Ẹnikẹ́ni má kọjá ìrókò o."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí yẹ kẹ̀kẹ́ wò. Tèmi dúró. Ti àwọn yòókù dúró. Ó dé ọ̀dọ̀ bàbá, ó di kẹ̀kẹ́ mú, ó fún búréèkì, ó tì í. Kẹ̀kẹ́ náà ń yí lọ. Rọ́bà ti jẹ tán, irin ló ń ha irin. Ó tún un tì, ó tún yí. Bó bá ṣe èmi ni, ì bá ti ní, "Àǹtí, ẹ fẹsẹ̀ rìn," kó sì kọjá síwájú. Àmọ́ àna ẹni ṣe é dúró bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ràṣídátù fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó fi eékún méjèèjì lélẹ̀ lórí òkúta wẹẹrẹ, ó sì dorí kodò.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Búréèkì yín..."

"Ùjánu kí ló ṣe?" Bàbá ti gbé ẹsẹ̀ kọjá kẹ̀kẹ́. "Kí wọ́n tó bí baba rẹ ni mo ti ń gun eléyìí lọ sí uṣẹ́ ní Ùgèdè. Lójú gbogbo èèyàn yí ni mo máa ti kẹ̀kẹ́ bí onígaàrí?"

Wọ́n máa ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ kò tíì dé Òkè Ẹtù. Ràṣídátù ṣì wà lórí eékún, ó ń wá ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ tí ìyàwó lè sọ, nígbà tí bàbá fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀ tó sì lọ.

Ràṣídátù fò dìde, ó bẹ́ gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó tẹ̀lé e. Èmi náà gun tèmi, mo tẹ̀lé wọn. Kò pẹ́ tí a fi rí i pé bàbá kò lè dá kẹ̀kẹ́ dúró. Ó fún búréèkì, irin ń ké. Ó fi bàtà wọ́lẹ̀, eruku ń sọ. Eré náà ń pọ̀ sí i.

"Dádì! Ẹ yà sóko! Dádì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ yà sóko!"

Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ẹ̀rù ti dì í bí igi, iwájú nìkan ló tẹjú mọ́. Ìrókò ti ń bọ̀. Lẹ́yìn ìrókò, òkúta.

"Dádì!"

Ó kọjá lábẹ́ ìrókò fìrì.

Ìgbà náà ni Ràṣídátù pariwo, ohùn tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí:

"Ọmọ́níyì! Yà sí ẹ̀gẹ́! Yà báyìí!"

Orí bàbá ta gìrì. Ó ṣẹ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó ya wọ inú oko, ó gun orí ebè tí òjò ti mú rọ̀, kẹ̀kẹ́ lọ sọ́tọ̀, òun náà lọ sọ́tọ̀.

A bá a níbi tó jókòó sí láàárín ẹ̀gẹ́ tó dá, amọ̀ kún irùngbọ̀n rẹ̀, apá rẹ̀ bó. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iwájú rẹ̀ ni òkúta bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ ká dúpẹ́, àmọ́ ohun tó jáde lẹ́nu Ràṣídátù ló gba ọkàn wa. Ìyàwó ilé wa kì í pe orúkọ ọmọ tó bá nílé ọkọ, kí á tó wá sọ ti bàbá ọkọ, kó tún wá dá a ní "ìwọ." Ràṣídátù ti kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Ta ló pè mí?" ni bàbá béèrè.

"Èmi ni, sà."

"Ìyá mi nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀."

Bàbá fa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ nínú ebè. Ó ti kẹ̀kẹ́ gun òkè padà, ó gbé e sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ní Ìgèdè, ó gun ọ̀kadà lọ sí Adó láìwẹ̀yìn. Ràṣídátù sunkún títí a fi délé. Mo bínú sí bàbá náà gidigidi, ẹni tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ikú tí kò lè dúpẹ́. Jálẹ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, Pamílẹ́rìn ń pe bàbá rẹ̀, bàbá kò gbé fóònù.

Nígbà tí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ku ọ̀túnla, mo wà ní ìsọ̀, mo jókòó ti Ràṣídátù, ni a rí bàbá tó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bọ̀ lójú títì Adébáyọ̀, níṣojú gbogbo ayé. Ràṣídátù sọ sípánà sílẹ̀, ó fẹ́ kúnlẹ̀.

"Dìde!" ni bàbá wí. "Ọjọ́ tí o kúnlẹ̀ fún mi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Mo ti fi rọ́bà tuntun sí i fúnra mi. Di ùjánu yí mú, kí o tì í wò. Bí ó bá yí, ẹsẹ̀ ni n ó fi rìn wá sí ulé yín lọ́túnla."

Ràṣídátù wò mí. Ó dìde, ó di kẹ̀kẹ́ mú, ó fún búréèkì, ó sì tì í. Rọ́bà náà, òdì ni bàbá dè é. Kẹ̀kẹ́ yí.

Ràṣídátù dúró ṣánṣán kó tó dáhùn.

"Ẹsẹ̀ ni, sà."