Ọjọ́ tí Iná Dé tí Rédíò sì Kọrin

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé mi ni ọjọ́ Sátidé kan nígbà ọyẹ́, tí iná mànàmáná padà sí ilé wa ní Bọ́ládé, Òṣòdì.

Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ló wó igi lu wáyà àdúgbò wa, òkùnkùn sì ti sú wa. Èéfín àtùpà ń ta wá lójú, Màmá sì ti padà sídìí áyọ́ọ̀nù eléèédú. Èyí tó dùn wá jù ni rédíò Bàbá tí kò lè sọ̀rọ̀, nítorí ọ̀sán ọjọ́ náà ni ilé iṣẹ́ rédíò fẹ́ gbé orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ lẹ́nu Àǹtí Fúnmi, ẹ̀gbọ́n mi, sáfẹ́fẹ́. Bàbá kò fẹ́ràn orin kíkọ rẹ̀ yìí rárá. "Ìwé ni kí o gbájú mọ́," ni wọ́n máa ń wí fún un.

Bí a ṣe jẹun ọ̀sán tán ni gílóòbù pálọ̀ tàn yòò. Gbogbo àdúgbò hó yèè. Màmá sáré ki áyọ́ọ̀nù oníná bọ iná, èmi sì tan rédíò. Kò pẹ́ tí ohùn Àǹtí Fúnmi fi jáde, ó mọ́ gaara.

Bàbá dìde. Mo rò pé wọ́n fẹ́ pa rédíò ni. Wọ́n gbé rédíò náà sójú fèrèsé, wọ́n sì yí ohùn rẹ̀ sókè pátápátá.

"Ta ló ń kọrin yẹn?" ni aládùúgbò wa kan béèrè láti ìta.

"Ọmọ mi ni," ni Bàbá dáhùn.

Ẹ̀rín àti ẹkún dàpọ̀ lójú ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó ní pálọ̀ pẹ̀lú wa. A gbádùn iná lọ́jọ́ náà, Bàbá kò sì tún bá a jà nítorí orin mọ́.