Àga Tí Mi Ò Lè Jókòó Sí

Ìwé àdéhùn ti wà nílẹ̀ tán, ó ku kí n buwọ́ lù ú. Ilé-ìtẹ̀wé fún mi di ọjọ́ Ajé, wọ́n ní bí ọjọ́ yẹn bá kọjá, ìwé ẹlòmíràn làwọn máa tẹ̀ dípò tèmi. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, ṣé kò yẹ kó ti sáré buwọ́ lù ú kí wọ́n tó yí ọkàn padà? Èmi ò sáré. Ìwé tí mo kọ náà dá lórí ọmọbìnrin kan tó ń tan ìyá rẹ̀ jẹ, mo sì ti sọ fún gbogbo èèyàn pé àròsọ ni. Irọ́ ni mo pa. Èmi ni ọmọbìnrin náà, ìyá mi ṣì wà láàyè ní Ajégúnlẹ̀, mo sì gbà pé wọn ò mọ̀. Bí wọ́n bá wá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn lẹ́yìn tí ìwé bá jáde, wọn ò ní fojú ọmọ wò mí mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó ìwé náà sínú àpò láàárọ̀ Sátidé, tí mo gbéra láti Àpápá níbi tí mo ń gbé, mo ń lọ kà á fún wọn.

Ẹ má tíì bínú sí mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Kúùkù inú ọkọ̀ ojú omi ni bàbá mi. Wọ́n á lọ fún oṣù mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá, wọ́n á dé pẹ̀lú ọṣẹ tó ń ta sánsán àti ìtàn tí kì í tán. Yàrá kan la gbà ní Ajégúnlẹ̀, nínú ilé tí yàrá mẹ́wàá kọjú síra wọn, tí gbogbo ayálégbé mọ ohun tí aládùúgbò fi sebẹ̀. Iwájú ilé yẹn ni ìyá mi ti ń dirun fún àwọn èèyàn. Lọ́sàn-án, nígbà tí oòrùn bá mú tí gbogbo àdúgbò ń tòògbé, a máa ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ láti èbúté Àpápá, á máa dún láti ọ̀nà jíjìn bí ẹni tó ń kùn lójú oorun. Ìyá mi á dáwọ́ dúró lórí irun oníbàárà, wọ́n á gbọ́ ọ tán kí wọ́n tó máa dì í lọ. Lójú tèmi, gbogbo ọkọ̀ tó bá fọn fèrè, bàbá mi ló wà nínú ẹ̀.

Ọ́fíìsì àwọn tó ni ọkọ̀ wà ní Àpápá GRA, ibẹ̀ ni lẹ́tà bàbá mi máa ń dé sí. Lọ́jọ́ Ẹtì, bí a bá ti jáde ilé-ìwé, mo máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀ lábẹ́ àwọn igi ńláńlá. Àwọn ilé ibẹ̀ jìnnà síra, wọ́n sì dákẹ́ débi pé mo máa ń rò pé kò sẹ́ni tó ń gbé inú wọn, pé àwọn ilé náà kàn ń wò mí lọ ni. Ọkùnrin kan tó máa ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló ń jókòó lẹ́yìn fèrèsé ọ́fíìsì náà. Bọ̀ọ̀dá Ojú Fèrèsé ni mo sọ wọ́n. Wọn kì í rẹ́rìn-ín. Bí lẹ́tà bá wà, wọ́n á tì í jáde sí mi. Bí kò bá sí, wọ́n á mi orí.

Ìyá mi ò mọ̀wé, èmi ni mo ń kà á. Ṣùgbọ́n ètò wà níbẹ̀ o. Àga ìrọ̀gbọ̀kú kan wà ní igun yàrá, àga bàbá mi ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jókòó sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ àlejò. Ọjọ́ tí lẹ́tà bá dé nìkan ni ìyá mi máa nù ún, wọ́n á ní, "Jókòó síbẹ̀. Ohùn bàbá ẹ ló fẹ́ sọ̀rọ̀, wọn ò lè wà lórí ìdúró." Èmi ọmọ ọdún mọ́kànlá á gun orí àga, ẹsẹ̀ mi ò ní kanlẹ̀. Bí mo bá ti ka ibi tí bàbá mi ti kí wọn, ìyá mi á kúnlẹ̀ níwájú àga, wọ́n á ní, "Ẹ kú ojú òkun o, olówó orí mi." Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni wọ́n ń kúnlẹ̀ fún. Síbẹ̀ orí mi máa ń wú.

Nígbà tó yá, lẹ́tà ò wá mọ́. Ọjọ́ Ẹtì mẹ́fà tẹ̀ léra, Bọ̀ọ̀dá Ojú Fèrèsé kàn ń mi orí. Ìyá mi á rí mi láti òkèèrè, wọ́n á wo ọwọ́ mi kí wọ́n tó wo ojú mi. Oúnjẹ ò ní lọ lẹ́nu wọn lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì keje, àánú wọn ṣe mí. Mo ya ewé kan nínú ìwé ilé-ìwé mi, mo kì í bọ inú àpò lẹ́tà àtijọ́ kan, mo gbé e délé. Ìyá mi pariwo ayọ̀, wọ́n nu àga, wọ́n ní kí n jókòó.

Mi ò lè jókòó. Háà! Kí ìyá tó bí mi kúnlẹ̀ fún mi torí irọ́? Irọ́ rọrùn lẹ́nu mi, àmọ́ ìdí mi kọ̀ ọ́. Mo ní ojú ń dùn mí, pé ẹ̀bá fèrèsé ni ìmọ́lẹ̀ wà, mo sì dúró síbẹ̀ kà á. Ìyá mi wò mí fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n yíjú sí àga, wọ́n kúnlẹ̀ fún àga tó ṣófo. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń ka lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lórí ìdúró, tí ojú ń dùn mí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, lẹ́yìn lẹ́tà irọ́ kẹta, mo dé láti ilé-ìwé, mo bá Bọ̀ọ̀dá Ojú Fèrèsé níwájú ilé wa, tí wọ́n ń jáde lọ. Mo mọ̀ pé ó ti parí, wọ́n ti wá sọ fún ìyá mi pé lẹ́tà kankan ò wá. Mo wọlé, mo ń retí ìgbájú. Kò sí ìgbájú. Ìyá mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti tú irun wọn sílẹ̀. Wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn. Fún bí ogójì ọjọ́ ni irun yẹn fi wà ní títú, tí àwọn oníbàárà ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé onídìrí tó ń di ti gbogbo ayé, tirẹ̀ rí wúruwùru. Ìyá mi á kàn fa síkáàfù wọn bo iwájú orí. Lọ́jọ́ kejì tó jẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo tún mú lẹ́tà dé, wọ́n sì tún nu àga. Mo ní mo yege.

Irọ́ kì í dúró sójú kan. Lákọ̀ọ́kọ́, bàbá mi kàn ń kí wa, wọ́n ń rí ẹja ńlá; bí oṣù tí wọ́n máa ń dé bá sì pé, màá ní ọkọ̀ wọn tún gba ọ̀nà mìíràn lọ. Nígbà tí ẹja tán, mo mú ọkùnrin kan wọ inú ọkọ̀ náà, ẹni tó ń gbé yàrá tó kángun sí ti bàbá mi. Bàbá mi ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rí i rí. Wọ́n á gbé oúnjẹ síwájú ilẹ̀kùn rẹ̀, àwo á ti ṣófo kí ilẹ̀ tó mọ́. Bàbá mi á na ọwọ́, wọ́n á di ilẹ̀kùn mú, ibẹ̀ ni lẹ́tà máa pin sí. "Ó tán," ni màá wí. Lọ́jọ́ Sátidé, ìyá mi á tún un sọ fún àwọn tó wá dirun, obìnrin kan á lọgun pé, "Chei! Wetin dey inside that room?" Àwọn kan ń tú irun tí kò tíì gbó torí kí wọ́n lè wá gbọ́ ìyókù. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo ń gbádùn ẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Bọ̀ọ̀dá Ojú Fèrèsé tún ń yà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á gbé ìrẹsì wá, wọ́n á gbé ẹja wá. Gbogbo ilé ní wọ́n fẹ́ fẹ́ ìyá mi, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí, torí mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn lọ́jọ́ tí ìyá mi dá wọn lóhùn pé, "Mo ní ọkọ." Bọ̀ọ̀dá ò padà wá mọ́. Lẹ́tà mi ni ọkọ yẹn. Mo ti fi ewé ìwé ilé-ìwé ti ilẹ̀kùn ayé mọ́ ìyá mi lórí. Wọ́n ní ẹni tó bá ń yọ́lẹ̀ dà, ohun abẹ́nú á máa yọ́ ọ ṣe. Mo gbé òwe yẹn rù títí mo fi dàgbà.

Mo lọ sí pólì nílùú mìíràn, lẹ́tà dáwọ́ dúró. Bàbá mi ò dé, mo sì gbà pé wọ́n ti fi wá sílẹ̀ lókèèrè ni. Ìyá mi ò bi mí rárá. Ìdákẹ́jẹ́ wọn ló ń lé mi kiri. Nígbà tí mo padà, mo ríṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní èbúté Àpápá. Ọ̀sán gangan, a ó yí kọ̀ǹtéínà ká, aṣọ́bodè á já èdìdì rẹ̀, gbogbo wa á máa retí kí ilẹ̀kùn irin yẹn ké. Ohun tó wà nínú ẹ̀ kì í bani lẹ́rù: táyà, bàtà, àlòkù fíríìjì. Kó tó ṣí ni ẹ̀rù wà. Bí a bá lọ jẹun ọ̀sán, màá yí fọ́ọ̀mù tó ti bàjẹ́ dojú dé, màá máa kọ̀wé sẹ́yìn ẹ̀ nípa ọmọbìnrin kan àti lẹ́tà. Nínú ìwé mi, ìyá ọmọ náà gba gbogbo rẹ̀ gbọ́, ó sì gbó sínú yàrá kan níbi tó ti ń dúró de ọkọ. Ọdún méje ni mo fi kọ ọ́.

Mi ò tíì kúnlẹ̀ kí ìyá mi tán ní Sátidé yẹn tí wọ́n fi wo orí mi. "Irú orí wo lo gbé wọlé mi yìí? Ká má rí i ká ní ọmọ onídìrí nìyí!" Bí mo ṣe jókòó sórí àpótí sáàárín orúnkún wọn nìyẹn, ìwé wà lórí itan mi. Mo ní mo fẹ́ ka nǹkan kan fún wọn, pé kí n tó buwọ́ lù ú fún ilé-ìtẹ̀wé ni mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà, èmi sì nìyí, mi ò rí ojú wọn, ọwọ́ wọn nìkan ni mo mọ̀ nínú irun mi. Mo kà. Ìyarun ń la orí mi sí méjì jẹ́jẹ́. Afẹ́fẹ́ ń gba ojú fèrèsé wọlé, àga bàbá mi wà ní igun rẹ̀, aṣọ ara rẹ̀ ti ṣá. Mo ka ibi tí ọmọ ti ya ewé ìwé. Ọwọ́ ń dì. Mo ka ibi ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni ò rí. Ọwọ́ ń dì. Mo dé ibi tí ìyá ti kúnlẹ̀ fún àga tó ṣófo, ọwọ́ dúró.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí." "Kì í ṣe àròsọ. Èmi ni mo kọ gbogbo lẹ́tà yẹn."

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tó o ti dúró kà á. Ìwọ tó o fẹ́ràn àga yẹn bí ojú! Àbí ojú wo ló ń dun èèyàn fún ọdún mẹ́rin tí ò fọ́?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò pẹ́. "Ọjọ́ tí bọ̀ọ̀dá ọ́fíìsì yẹn kọ́kọ́ wá, kì í ṣe fífẹ́ ni wọ́n wá fẹ́ mi. Wọ́n wá túfọ̀ ni. Àìsàn ṣe bàbá ẹ lókèèrè, wọ́n ti sìnkú wọn síbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dé Àpápá."

Irun títú. Ogójì ọjọ́. Opó ni wọ́n ń ṣe lójú mi kòrókòró, mo gbà pé orí ló ń fọ́ wọn. Èmi tí mo ń fọ́nnu pé mo mọ bí a ṣe ń fi nǹkan pamọ́ fún òǹkàwé! Inú bí mi, mi ò ní purọ́. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi? Gbogbo ọdún yìí ni mo fi ń gbé ẹ̀bi kiri!"

"Mo fẹ́ sọ. Lọ́jọ́ kejì, mo ní tó o bá ti wọlé báyìí, màá sọ. O wọlé, ojú ẹ ń dán, o ní bàbá ẹ kí mi. Mo ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tó ṣe, o mú ọkùnrin yẹn wọ ọkọ̀, o wá dá ìtàn dúró síbi tí bàbá ẹ ti di ilẹ̀kùn mú. Ṣé kí n wá jẹ́ kí wọ́n kú kí wọ́n tó ṣí i ni? Mo tún ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ọdún mẹ́rin ṣe lọ nìyẹn."

"Bọ̀ọ̀dá tẹ́ ẹ kọ̀ torí tèmi ńkọ́?"

"Torí tìẹ kẹ̀? Èèyàn tí kì í rẹ́rìn-ín! Kí n máa jí wo ojú yẹn láràárọ̀?" Wọ́n fa irun mi díẹ̀. "Lọ buwọ́ lu ìwé ẹ. Ṣùgbọ́n obìnrin inú ẹ̀ yẹn ti gọ̀ jù, tún un ṣe kó o tó fún wọn."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ìyá mi tún di ìlà irun kan sí i. Wọ́n wá ní, "Nǹkan kan ló ń dùn mí. Nígbà tó o lọ sí pólì, ṣe lo kàn dákẹ́. O ò jẹ́ kí bàbá ẹ dágbére fún mi." Wọ́n dìde, wọ́n mú aṣọ kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í nu àga bàbá mi, láti orí dé ẹsẹ̀. "Jókòó."

Ìdajì orí mi ti dì, ìdajì wà ní títú. Mo jókòó. Ẹsẹ̀ mi kanlẹ̀ wàyí. Ìyá mi di apá àga mú, wọ́n rọra kúnlẹ̀, torí orúnkún ti ń yọ wọ́n lẹ́nu. Mo yí ewé tó kẹ́yìn nínú ìwé mi padà, síbi tí nǹkan kan ò sí lára rẹ̀, mo sì kà á.

"Ìyàwó mi, mo ti ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, má bẹ̀rù. Ó ti rẹ̀ mí, mo fẹ́ sinmi. O ṣeun tó o tọ́jú ọmọ wa. Ó dìgbà o."

"Ó dàárọ̀ o, olówó orí mi," ni ìyá mi wí, lọ́sàn-án gangan. Wọ́n sunkún níbẹ̀, èmi náà sunkún. Nígbà tí mo fẹ́ dìde fún wọn, wọ́n tẹ èjìká mi padà, wọ́n yí lọ sẹ́yìn àga, wọ́n sì parí irun mi níbẹ̀.