Ó Ń Jalè àbí Ó Ń Fò?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, èmi ni mo ń bójú tó àwọn ọmọbìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n nílé ẹ̀kọ́ girama wa ní Ẹ̀jìgbò. Básíkẹ́ẹ̀tì ni àwọn ọmọ ń pè é. A fẹ́ lọ díje ní Òṣogbo, ṣùgbọ́n bàbá ọmọ tó mọ̀ ọ́n gbá jù lọ láàárín wọn ní ọmọ òun kò ní í lọ síbì kankan. Oníṣòwò ni, ó pẹ́ ní Àbíjàn kó tó kó ìdílé rẹ̀ bọ̀ wálé. Mo mọ̀ pé bí ó bá fa ọmọ tirẹ̀ sẹ́yìn, àwọn òbí yòókù yóò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó ní, “Tíṣà, mo ti rí ibi tí eré yẹn ń gbé ọmọ lọ. Ẹ pe gbogbo òbí kí wọ́n wá wò ó.”

Ní ọ̀sán Sátidé, ó gbé tẹlifíṣọ̀n, fídíò àti jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀ wá sí gbọ̀ngàn wa. Fíìmù nípa àwọn ọ̀dọ́ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ni, tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù yìí láàárín àwọn ilé gogoro, ṣùgbọ́n Faransé ni wọ́n yí ohùn wọn sí, nítorí Àbíjàn ló ti rà á. Òun fúnra rẹ̀ ló dúró tó ń túmọ̀. Ọmọ rẹ̀ jókòó sílẹ̀ níwájú.

“Ẹ wo igbó tí ọ̀rẹ́ ọmọkùnrin yìí ń tà!” ni bàbá náà wí.

Àwọn òbí pòṣé. Bàbá àgbẹ̀ kan láti Másífà ní, “Gbogbo bí wọ́n ṣe ń làágùn yìí, ebè mélòó ni wọn ì bá ti kọ!”

“Ẹ̀yin àti ebè yín,” ni màmá kan dá a lóhùn. “Ṣé orí kọnkéré yẹn ni kí wọ́n kọ ọ́ sí?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

Bí ọmọkùnrin inú fíìmù náà ṣe fò sókè láti ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, àwọn òǹwòran rẹ̀ pariwo pé, “Il vole! Il vole!”

“Ẹ ò gbọ́ nǹkan!” ni bàbá wí. “Wọ́n ní ó ń jalè!”

Ariwo ta. Obìnrin kan ti dìde, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. Nígbà náà ni ọmọ bàbá náà kúnlẹ̀.

“Bàbá mi, ẹ má bínú. Kì í ṣe olè. Wọ́n ní ó ń fò ni, bí ẹyẹ.”

Kí ọmọ já bàbá rẹ̀ nírọ́ láàárín àgbà! Ẹ má fi bàbá náà ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Faransé ń lò fún kí ènìyàn jalè àti kí ẹyẹ fò, ẹni tó bá sì ṣòwò lọ́jà, ti olè ló máa ń gbọ́.

Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Ìwọ lo lọ sílé ìwé wọn lọ́hùn-ún. Dìde. Máa túmọ̀ èyí tó kù.”

Ẹ̀rù tún wá bà mí sí i, torí ọmọ náà lè yí ọ̀rọ̀ po báyìí bó ṣe wù ú, bí bàbá rẹ̀ bá sì já a, ìrìn àjò wa parí nìyẹn. Kò pẹ́ tí wọ́n yìnbọn pa ọ̀rẹ́ tó ń ta igbó. Ìyá rẹ̀ ń sunkún, ó ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá gan-an kò lè tẹ̀lé e. Ọmọ náà túmọ̀ rẹ̀.

“Ó ní... ó ní ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù ni ọmọ òun ti mọ àwọn tó pa á. Ó ní ká ní òun mú un jókòó sílé ni, ì bá wà láàyè.”

Ọ̀rọ̀ tó lè dá a dúró sílé ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ.

Nígbà tí fíìmù parí, bàbá yọ kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

“Tíṣà, ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ gbé lọ sí Òṣogbo, ṣé ó ṣì láàyè?”

“Ó láàyè, Àlàájì.”

“Èmi náà ń bọ̀. Bí mo bá rí ohunkóhun níbẹ̀ tó jọ èyí tí mo rí lónìí, èmi àti ọmọ mi ń padà wálé kíá.”

Ọmọ náà ń wo ẹnu mi. Mo ní kò burú, a ó fi ìjókòó iwájú sílẹ̀ dè wọ́n.