Àbdùlmùmín Oníhùùù

Ẹni tó bá dárúkọ Àbdùlmùmín ní Datcha lónìí, ìtàn àgbàdo ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún un. Ọjọ́ ọjà ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo níbẹ̀ ti bàjẹ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn obìnrin sì ti ń ru ẹrù lọ sí ọ̀nà jíjìn kí wọ́n tó rí àgbàdo lọ̀. Àbdùlmùmín kò mọ̀. Ó ti Atakpamé wá pẹ̀lú sípíkà méjì àti àpótí ẹ̀rọ kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ so pọ̀. Ó tò wọ́n sábẹ́ igi máńgòrò, ó yí bọ́tìnnì, ohùn kan ṣoṣo sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde: hùùùùù. Kò sí ìlù, kò sí ọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó ń gbè é. Orin tirẹ̀ nìyẹn. Bó bá bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, ó lè di ọ̀sán kó tó yí padà díẹ̀.

Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin fi ń yọ láti gbogbo kọ̀rọ̀. Wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ń wo ẹ̀rọ rẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣeré, kò tíì rí èrò tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó di ojú, ó fi kún ohùn náà. Ìgbà tó máa la ojú, ìyá kan tó ń jẹ́ Àyọ̀kẹ́ ti gbé báàfù àgbàdo kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ti àkàsà ni tèmi," ni ìyá náà wí. "Ẹ bá mi lọ̀ ọ́ kó kúnná."

"Màmá, orin ni."

"Mo gbọ́. Ṣé orin náà máa lọ̀ ọ́ kúnná?"

Sẹ̀ríyà ló dá sí i. Ẹ̀gbọ́n Àbdùlmùmín lóbìnrin ni, ọjà Atakpamé ló ti ń ta àgádágodo, ìṣó àti tọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ó ná ọjà Datcha lọ́jọ́ náà. Òun ló lọ bẹ àwọn obìnrin náà pé kí wọ́n máa gbé àgbàdo wọn lọ, pé àbúrò òun kì í lọ nǹkan kan. Àárẹ̀ ti mú un. Láti kékeré ló ti ń ṣàlàyé ọkùnrin yìí fún aráyé, aráyé kò sì tíì yéé bi í.

Nínú mọ́tò tí wọ́n wọ̀ padà, inú Àbdùlmùmín ṣì ń dùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rí èrò?"

"Mo rí àgbàdo."

"Ẹ ò sì dúró kó parí. Ẹ ò dúró rí. Ọ̀kan péré ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi jókòó gbọ́ tán kí n tó kú."

"Ó ti rẹ̀ mí, Múmínì. Tó bá di ọjọ́ mìíràn."

Ọjọ́ mìíràn yẹn ni Àbdùlmùmín ń retí ní gbogbo ayé rẹ̀.

Kì í ṣe pé kò níṣẹ́ o. Iṣẹ́ firigó ló kọ́, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú omi tutù. Sẹ̀ríyà ló mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá nígbà tí àwọn òbí wọn kú, ọwọ́ rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Etí ló kó bá a. Bó bá ti ṣí ẹ̀yìn firigó, kàkà kó wá ohun tó bàjẹ́, á gbé etí lé e, á máa rẹ́rìn-ín. Laurent, tó ní ilé ọtí nítòsí ibùdókọ̀, gbé tirẹ̀ wá nítorí pé ó ń kùn. Nígbà tó padà wá gbé e, ọtí rẹ̀ tutù nini, firigó náà sì ń kùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Mùsíọ̀, kíkùn yìí ni mo ní kí o bá mi mú kúrò."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ohùn méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ń lé èkejì. Tí mo bá yọ ọ́, ẹ máa kábàámọ̀."

"Mi ò ní kábàámọ̀."

"Ẹ kọ́kọ́ lò ó fún oṣù kan ná."

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí ọ̀fun gbẹ. Níkẹyìn Laurent gbà kí Àbdùlmùmín mú èyí tó ń kùn, kó sì fún òun ní ọ̀kan tó dákẹ́ dípò rẹ̀. Báyìí ni firigó Sẹ̀ríyà ṣe di ti ilé ọtí.

Ó tún gbọ́ pé ẹ́njìnnì ọkọ̀ ojú omi máa ń dún dáadáa lórí adágún Nangbéto. Ó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ rẹ̀, ó sì rọ apẹja kan, Arsène, pé kó gbé òun dé àárín omi. Ó fi ìgbọ́hùn sí Arsène létí kí òun náà lè gbọ́ adùn tó wà níbẹ̀. Arsène gbọ́, ó sì sùn lọ fọnfọn. Afẹ́fẹ́ bá gbé ọkọ̀ lọ sí èbúté kejì, Sẹ̀ríyà sì pa ìsọ̀ rẹ̀ dé lọ́sàn-án gangan, ó wọ mọ́tò yí adágún ká lọ gbé wọn.

"Ó sùn," ni Sẹ̀ríyà wí.

"Ìyìn ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Arsène fúnra rẹ̀ ní ìyìn ni. Ìyàwó òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni òun kò ti rí oorun sùn. Ó bẹ Àbdùlmùmín pé kó fún òun ní ohùn náà gbé lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó Àmírátù, ọmọ Sẹ̀ríyà, ni wọn kì í sọ lójú Àbdùlmùmín. Ó ní òun ni àbúrò ìyá ìyàwó, òun ló yẹ kí òun ṣeré. Àwọn àlejò fara dà á. Wọ́n jẹun sí i, wọ́n kí ara wọn sí i, àwọn àgbà sì ń wo ojú ọ̀run bóyá òjò ló ń bọ̀. Lójijì ni iná lọ. Ohùn náà dákẹ́. Gbogbo àgbàlá bú sí àtẹ́wọ́, wọ́n pa á títí ọwọ́ fi ń ta wọ́n. Àbdùlmùmín dìde, ó tẹrí ba lọ́tùn-ún, ó tẹrí ba lósì, omijé wà lójú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn kò ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí i bí olórin ni Bérénice, ọmọbìnrin kan ní Lomé tó máa ń kó àwọn eléré jọ. Òun ló mú un lọ sí òkè òkun. Ìgbà tó padà dé, gbogbo àdúgbò ló wá gbọ́ ìròyìn.

"Ilẹ̀ ni wọ́n jókòó sí," ni Àbdùlmùmín wí. "Wọ́n di ojú. Láti ìrọ̀lẹ́ títí mo fi parí, ẹnì kankan kò dìde."

"Ṣé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn ni?" ni Sẹ̀ríyà bi í.

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, Àbdùlmùmín náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dé inú rẹ̀. Àwọn àjèjì gbọ́ ọ tán. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó tọ́ ọ kò gbọ́ ọ rí.

Lẹ́yìn náà ni ìtọ̀ ṣúgà dé, ó sì ń jẹ ẹ́ run díẹ̀díẹ̀. Etí rẹ̀ tún ń di. Orin kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó fẹ́ parí kó tó kú, Bérénice sì ń dúró dè é. Ó ń fọwọ́ kan sípíkà láti mọ̀ bó ṣe ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò lè sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó pe Elvis, télọ̀ tí ilé wọn jọ fẹ̀gbẹ́ kan ara, pé kó wá máa bá òun gbọ́. Elvis gbọ́ díẹ̀, ó ní gbogbo rẹ̀ ló pọ̀ jù, ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Ó wá ku Sẹ̀ríyà. Ó ti ọjà dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ ń ro ó, ó sì bá àbúrò rẹ̀ níwájú àpótí ẹ̀rọ, ó ń yí bọ́tìnnì bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn. Ó gbé àpótí ìjókòó wá sẹ́yìn rẹ̀.

"Ó ti rẹ̀ yín, ẹ̀gbọ́n mi," ni Àbdùlmùmín kígbe, torí kò mọ bí ohùn òun ṣe ń lọ sókè mọ́. Sẹ̀ríyà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó sì jókòó.

Wọ́n bá ara wọn ṣe àdéhùn. Bí ohùn bá ń gòkè, Sẹ̀ríyà á tẹ ejìká rẹ̀. Bó bá ń rọ̀, á tú ọwọ́ sílẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, hùùù nìkan ló ń gbọ́. Ó ṣe bí ọjọ́ mélòó kan kó tó gbọ́ pé ohùn kejì wà lábẹ́ àkọ́kọ́, pé ó ń rìn, ó kàn ń rọra rìn ni. Ó tẹ ejìká. Àbdùlmùmín bojú wẹ̀yìn wò ó bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kí káàbọ̀. Ní ibì kan ó pọ̀ jù, Sẹ̀ríyà bá na ọwọ́ síwájú rẹ̀, ó ń mì í sílẹ̀ pé kó dín in kù. Láti ìgbà èwe wọn ló ti ń ṣe ọwọ́ yẹn sí i. Ọjọ́ yẹn ni Àbdùlmùmín kọ́kọ́ gbọ́ tirẹ̀, ìgbà tí etí rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n parí rẹ̀, wọ́n jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Sẹ̀ríyà kò tòògbé. Nígbà tí orin náà dákẹ́, Àbdùlmùmín kò mọ̀ pé ó ti dákẹ́, àfi ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá síwájú tó sì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Àbdùlmùmín kú, wọ́n sì sin ín lẹ́yìn ìrun.

Lẹ́yìn tí àwọn tó ń wá kí wọn dáwọ́ dúró, Bérénice fi orin náà ránṣẹ́ sórí fóònù Sẹ̀ríyà. Ìyẹn tẹ̀ ẹ́ ní ìsọ̀ rẹ̀, láàárín àwọn àgádágodo, ó sì fẹ̀yìn ti ògiri. Elvis wá ra ìṣó.

"Màmá, àwọn kéékèèké ni mo fẹ́."

"Jókòó ná."

"Ṣé ó máa pẹ́?"

"Ó máa pẹ́."

Elvis wo ojú rẹ̀, ó fa àga, ó jókòó. Àwọn oníbàárà ń kọjá, ọlọ́kadà ń kígbe sí ara wọn lójú títì. Nígbà tí ohùn kejì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ọwọ́ Sẹ̀ríyà dìde fúnra rẹ̀ láti tẹ ejìká, kò sì bá ejìká kankan níbẹ̀. Ó rọra gbé ọwọ́ náà lé itan. Àárò àbúrò rẹ̀ sọ ọ́ gan-an. Òun àti Elvis jọ jókòó títí orin náà fi parí.