Tépù Tí Mo Fi Wọn Ìyàwó Ilé Wa

Ohun kan ṣoṣo ni mo fi ju ìyàwó àbúrò ọkọ mi lọ: ìbàdí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó kàwé jù mí lọ. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe ní Agodi, nínú ọ́fíìsì tó ní fáànù. Ọmọkùnrin méjì ló bí tẹ̀léra, nígbà tí èmi ń fa obìnrin mẹ́ta lọ́wọ́. Ìyá ọkọ wa, tí kì í rẹ́rìn-ín sí mi láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn ní Bẹẹrẹ, bó bá ti gbọ́ ohùn ìyàwó yìí báyìí, eyín á ti yọ. Ṣùgbọ́n ó sanra. Òun sanra, èmi rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, mo sì gbà pé Ọlọ́run ò gbàgbé mi pátápátá.

Aránṣọ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà níwájú ilé gan-an, lójú ọ̀nà: ẹ̀rọ ìránṣọ kan, tábìlì kan tí mo fi ń gé aṣọ, àti bẹ́ǹṣì tí àwọn tó wá ṣòfófó ń jókòó sí. Èmi ni mò ń rán aṣọ gbogbo ilé, títí kan tirẹ̀. Bí mo bá ti ń wọn ìyàwó, á fọwọ́ gbá ikùn, á ní, “Ìyálé mi, ẹ wo ẹrù tí mò ń gbé kiri.” Èmi á ní rárá o, ara ọlá ni. Inú mi á dùn débi pé mo lè bá a tún bọ́tìnnì méjì tó já ṣe láìgba kọ́bọ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni ọ̀rọ̀ yìí. Ọkọ rẹ̀, tí èmi náà ń pè ní ọkọ mi nítorí pé àbúrò ọkọ mi ni, ti lọ kàwé sí i ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ku bí oṣù mẹ́jọ kó padà dé nígbà tó fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sílé. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń kàwé ni. Obìnrin òyìnbó mẹ́rin ló yí i ká, kò sì sí èyí tí ẹran wà lára rẹ̀ nínú wọn. Ìyàwó gbé fọ́tò náà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù.

“Ìyálé mi, ṣé ẹ rí i? Tó bá dé, tó wá bá mi báyìí ńkọ́?”

Mo ní, “Ọkọ tèmi yẹn? Kì í ṣe irú èèyàn bẹ́ẹ̀.” Nínú mi lọ́hùn-ún, mò ń sọ pé irú rẹ̀ gan-an ni, kó sì máa bọ̀.

Láyé ìgbà yẹn, tí èèyàn bá fẹ́ dín ara kù, inú ìwé ìròyìn àwọn obìnrin ló ti máa rí ẹni tó máa kọ́ ọ. Ilé iṣẹ́ kan nílùú òyìnbó á máa fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí ọ láti pósítì, ìwọ náà á máa dá èsì padà, bíi ti ẹni tó ń kàwé láti ilé. Ìyàwó gé ìpolówó mẹ́ta mú wá, ó tẹ́ wọn sórí tábìlì mi, ó ní kí n bá òun yan ọ̀kan. Àkọ́kọ́ ní àwọn ní oògùn oníhóró tí kì í jẹ́ kí ebi pa èèyàn. Èkejì ń ta bẹ́líìtì rọ́bà tí wọ́n ń dì mọ́ ikùn kí èèyàn lè làágùn. Ẹ̀kẹta ò ní oògùn, kò ní rọ́bà. Oúnjẹ ló to sílẹ̀ pẹ̀lú ìrìn rírìn, àti káàdì kan tí wọ́n ń kọ nǹkan sí lọ́sẹ̀ méjì-méjì.

Mo fara balẹ̀ wò wọ́n. Oògùn lè tètè ṣiṣẹ́. Rọ́bà náà lè ṣiṣẹ́, ta ló mọ̀? Ṣùgbọ́n mo wo oúnjẹ tí àwọn ẹlẹ́ẹ̀kẹta tò, ìlàjì rẹ̀ ò sí lọ́jà kankan láti Ọjà'ba dé Ọ̀jé. Mo bá gbé ọwọ́ lé èyí. Mo ní oògùn lè ba kídìnrín jẹ́, rọ́bà lè bó o lára, oúnjẹ ni kó mú. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọkọ rẹ̀ bá a sanwó rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ní ohunkóhun tí a bá kọ sí káàdì, ká máa kọ irú rẹ̀ kan ránṣẹ́ sí òun náà.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ dé, a jọ jókòó ti ìwé náà. Ẹyin kan láàárọ̀. Ẹja tí wọ́n ti bó awọ rẹ̀. Wàràkàṣì òyìnbó kan tó funfun tí kò níyọ̀. Ewé kan tó jẹ́ pé èmi àti ọmọ ọ́fíìsì, kò sẹ́ni tó lè pe orúkọ rẹ̀. Mo rò pé ibẹ̀ ni yóò parí sí. Àṣé mi ò mọ ẹni tí mo ń bá lò. Ó lọ bá àwọn Fúlàní tó ń ta wàrà ní Ọ̀jé, ó ní kí wọ́n má fi iyọ̀ sí tòun. Ó fi ṣọkọ rọ́pò ewé tí a ò lè pè. Ìyá gúnyán lọ́jọ́ Sunday, ìyàwó bù ú bí ẹni tó fẹ́ fi tọ́ ọbẹ̀ wò, ó sì dìde.

Ti ìrìn ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ìwé ní kó máa fi ìdajì wákàtí rìn kíákíá láràárọ̀, kó má dúró. Kó má dúró ní Bẹẹrẹ! Ìyàwó ilé wo ló máa gba iwájú àwọn àgbà kọjá tí kò ní kúnlẹ̀? Á gbéra níwájú ilé, á gun òkè Mápó, á sọ̀ kalẹ̀ sí Ọjà'ba, á sì padà. Gbogbo ilé tó bá kọjá ni wọ́n ti ń bi í pé, “Ìyàwó, ṣé kò sí nǹkan o? Ta ló ń lé ọ?” Á kúnlẹ̀, á ní kò sí, eré ìdárayá ni. Á dìde, á rìn díẹ̀, á tún kúnlẹ̀. Ìdajì wákàtí á di wákàtí kan àti àbọ̀. Èmi á wà ní ṣọ́ọ̀bù, màá máa rẹ́rìn-ín sínú. Ìgbà tó pé oṣù kan ni mo tó rí i pé kíkúnlẹ̀ àti dídìde lórí òkè yẹn ń ṣe nǹkan fún ara rẹ̀ tí àwọn tó kọ ìwé náà ò rò dé.

Ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ wọn èèyàn, kó sì fọwọ́ sí káàdì. Ta ni ìbá tún jẹ́ bí kì í ṣe èmi? Lọ́jọ́ tí a bẹ̀rẹ̀, ìbàdí rẹ̀ jẹ́ ogójì íǹṣì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó di mọ́kàndínlógójì. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo kí i kú oríire, mo ṣe bí èèyàn. Nígbà tí mo tún wọ̀n ọ́n, ó ti di mẹ́tàdínlógójì. Mo wo nọ́ńbà yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ọgbọ̀n ni tèmi. Mo ṣírò rẹ̀ kíá: bó bá ń lọ báyìí, kí ọkọ rẹ̀ tó dé, kí ló tún kù tí wọ́n á fi mọ èmi yàtọ̀ nínú ilé yẹn? Mo jowú. Mo lè sọ ọ́ lónìí, ara mi ti gbó. Mo jowú débi pé itọ́ korò lẹ́nu mi.

Mo ti ìka méjì bọ abẹ́ tépù, mo jẹ́ kó tú díẹ̀. Ìyàwó ò wo ìsàlẹ̀. Ó gbé apá méjèèjì sókè, ó ń wo àjà bí ọmọ tí wọ́n ń wẹ̀.

“Mọ́kàndínlógójì,” ni mo wí.

“Ó ṣì wà níbẹ̀?”

“Ó ṣì wà níbẹ̀.”

Ó mí kanlẹ̀. Mo fọwọ́ sí káàdì.

Ẹ óò bi mí pé ṣé kò mọ ara rẹ̀ ni. Ìró kì í ní nọ́ńbà. Bí èèyàn bá ṣe fẹ́ ló ṣe ń ró o. Gáùnù tó ń wọ̀ lọ sí Agodi nìkan ló lè tú àṣírí mi, mo sì ti ronú kan ìyẹn. Bó bá ti gbé ọ̀kan wá pé ojú rírán rẹ̀ já, màá rán ibi tó já, màá sì fi ọgbọ́n gbà á wọlé ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Gáùnù tó yẹ kó ti máa mì lára rẹ̀ á ṣì máa fún un. Àwọn ará ọ́fíìsì ń sọ fún un pé ó ti fọn. Ìyá ń bi í pé ṣé ara rẹ̀ ò yá ni. Bó bá wá sọ fún mi, màá ní ará ọ́fíìsì fẹ́ràn láti máa pọ́n èèyàn, Ìyá ní tirẹ̀ sì rò pé gbogbo ẹni tí kò bá jẹ iyán méjì ti fẹ́ kú. Màá fa tépù yọ lọ́rùn mi, màá ní, “Ìwọ wo èyí. Èyí ò mojú ẹnì kankan.”

Ohun tí mi ò rò ni pé àwọn òyìnbó ń ka káàdì yẹn. Lẹ́tà wọn dé. Wọ́n ní ara rẹ̀ ń ṣe agídí, kó yọ búrẹ́dì kúrò, kó sì máa fi omi nìkan sùn lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ó ka lẹ́tà náà sí mi létí ní ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Mo ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ mi lọ.

Lọ́jọ́ Friday kan, ó ti Agodi dé, kò lè wọlé. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù mi, òógùn bò ó. Mo sáré po omi ṣúgà. Ó mi orí, ó ní ìwé ò gba ṣúgà. Ẹ̀rù bà mí wàyí. Mo ní, “Ìyàwó, jọ̀ọ́, pa kọ́ọ̀sì yìí tì.” Mi ò lè búra pé àánú ló mú mi sọ ọ́, torí pé bó bá pa á tì, èmi náà á sinmi.

Ó dì mí lọ́wọ́ mú. “Ìyálé mi, ẹ ṣeun. Gbogbo wọn ló ń tàn mí. Ẹ̀yin nìkan lẹ ń sọ òótọ́ fún mi.”

Mo ní kò tọ́pẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo wọ̀n ọ́n fún káàdì tó kẹ́yìn. Méjìlélọ́gbọ̀n ni. Mo kọ méjìdínlógójì.

Ọkọ rẹ̀ dé. Gbogbo wa pé sí pálọ̀ Ìyá, àpótí méjì wà nílẹ̀, ó ń fa nǹkan yọ fún oníkálukú. Nígbà tó kan ìyàwó rẹ̀, ó kó gáùnù mẹ́ta síta, àwọn gáùnù tó dára débi pé mo fọwọ́ kan etí ọ̀kan láìmọ̀. Ó ní bí káàdì ṣe wí lòun ṣe rà wọ́n. Ìyàwó wọ yàrá lọ láti gbé ọ̀kan wọ̀.

Ó jáde. Gáùnù náà yọ̀ kúrò ní èjìká rẹ̀ kan. Aṣọ tó ṣẹ́ kù lára rẹ̀ tó láti rán fún ọmọ kan. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá ní, “Ta ló ni aṣọ?” Ọkọ rẹ̀ wá káàdì nínú báàgì, ó kà á, ó tún un kà.

“Méjìdínlógójì ni wọ́n kọ síbí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ọwọ́ yín kọ́ nìyí?”

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi, títí kan ti ọkọ mi. Ìyàwó di aṣọ tó ṣẹ́ kù náà mú ní ìbàdí, ó wò ó, ó gbójú sókè, ó wò mí. Mo rí ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ń yé e díẹ̀díẹ̀: tépù, àwọn gáùnù Agodi, omi tó fi ń sùn. Mo dúró kó pariwo. Mo ti ń wá irọ́ tí màá fi gba ara mi sílẹ̀.

Ló bá rẹ́rìn-ín. “Ẹ má bá wọn wí o. Èmi ni mo ní kí wọ́n fi àyè sí i. Ẹ̀rù ń bà mí pé mo lè tún sanra kí ẹ tó dé.”

Gbogbo pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá ń ṣàdúrà fún un. Lẹ́yìn mi, ọkọ mi rọra sọ pé, “Ọmọbìnrin yìí mà rẹwà o,” ohun tí kò sọ sí mi rí láti ìgbà tí mo ti bí àkọ́bí. Ó yẹ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó. Àmọ́ irọ́ tó pa yẹn ni mo tún ń jowú. Mo fi oṣù mẹ́fà parọ́ láti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Òun fi ìṣẹ́jú kan pa tirẹ̀ láti bò mí, ó sì tún jù mí lọ níbẹ̀.

Odidi ọ̀sẹ̀ ni mo fi ń retí kó wá bá mi jà. Kò wá. Ó ń kí mi bó ṣe ń kí mi tẹ́lẹ̀. Mo wá rò ó pé bó bá gbé gáùnù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá kí n gbà wọ́n wọlé, màá ti ilẹ̀kùn, màá bẹ̀ ẹ́. Mo kó aṣọ àwọn oníbàárà kúrò lórí tábìlì, mo fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Lọ́jọ́ Saturday, ó jáde, ó di àwọn gáùnù náà sínú ìborùn kan. Àwọn ará ilé jókòó níta, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi. “Ìyálé mi, ẹ kú iṣẹ́ o.”

Mo ti dìde. Mo ní, “Ìyàwó, gbé e wá.”

“Ẹ má ṣèyọnu, mà,” ló wí jẹ́ẹ́. “Mo ti rí aránṣọ kan ní Òkè Padre.”

Ó dìde, ó gbọn eruku eékún rẹ̀, ó gbé ẹrù náà kọ́ apá, ó lọ. Àwọn tó ń bó ẹ̀gúsí dúró, wọ́n wò ó títí tó fi yà ní ìkóríta. Lẹ́yìn náà, wọ́n yíjú wò mí.