Ẹyọ Kan Tí Ìkúnayọ̀ Fi Kún Un

Kò sí ẹni tó mọ nọ́tì há sórí bí Ìkúnayọ̀ ní kíláàsì wọn. Ọmọ Ìlàjẹ ni, etí odò ní Warri ni wọ́n ti bí i, ẹja ni ìyá rẹ̀ sì ń yan tà. Nígbà tó wọ yunifásítì láti kọ́ ìṣirò, bó ṣe ń há ẹsẹ Bíbélì sórí ní ṣọ́ọ̀ṣì náà ló ṣe ń há ìwé sórí. Ó ń yege bẹ́ẹ̀, títí tó fi kan ẹ̀kọ́ nípa ìwà àwọn nọ́ńbà, tí Dókítà Olúsànmí ń kọ́ wọn.

Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ náà pè é síwájú pátákó pé kó fi hàn pé práìmù kò lópin. Práìmù ni nọ́ńbà tó ju ọ̀kan lọ, tí nǹkan kan kò lè pín dọ́gba àfi ọ̀kan àti òun fúnra rẹ̀: èjì, ẹ̀ta, àrún, èje. Ìkúnayọ̀ kọ ọ́ láìṣi ọ̀rọ̀ kan. Ká ní wọ́n lópin. Ká sọ gbogbo wọn di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn. Ká fi ọ̀kan kún un.

“Kí ló dé tí o fi ọ̀kan kún un?”

“Bó ṣe wà nínú nọ́tì nìyẹn, sà.”

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ kò rẹ́rìn-ín. “Nọ́tì ló mọ̀ ọ́n nígbà náà. Ìwọ kò mọ̀ ọ́n.”

Nígbà tí ìdánwò ẹ̀kọ́ náà dé, ó fìdí rẹmi. Wọ́n ní kó wá tún un ṣe.

Ilé ló ti ń kàwé fún un, ní oṣù kẹta ọdún 2003, nígbà tí ìjà àwọn Ijaw àti Itsekiri bẹ́ sílẹ̀ ní Warri. Ìbọn dún lójú odò láàárọ̀, ìyá rẹ̀ sì fà á lọ́wọ́. Aṣọ ọrùn wọn nìkan ni wọ́n gbé sá. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn dé Warri–Sapele Road, ní ilé Agatha, aránṣọ Ùròbò kan tó jẹ́ oníbàárà ìyá rẹ̀.

“Mama, enter,” ni Agatha wí. “Una don chop?”

Lọ́jọ́ kẹta ni wọ́n gbọ́ pé ilé wọn ti jóná. Ìkúnayọ̀ sunkún nítorí nọ́tì rẹ̀, ojú sì tì í, torí ìyá rẹ̀ tó pàdánù àwọ̀n, ààrò ẹja àti ibùsùn tí bàbá Ìkúnayọ̀ kàn kó tó kú, kò sunkún.

Kónílé-ó-gbélé kò jẹ́ kí oníbàárà wá ránṣọ. Agatha fún Ìkúnayọ̀ ní ṣọ́ọ̀kì àti bébà tí wọ́n fi ń gé àwòṣe aṣọ. Ìkúnayọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí tó rántí.

“Ayọ̀, wetin you dey write so?”

Ó ṣàlàyé fún un ní Pijin, èdè tí kò fi sọ̀rọ̀ ìṣirò rí. Kò tíì parí tí Agatha fi dá a dúró.

“Wait first. Why you come add one?”

Ìbéèrè Dókítà Olúsànmí gan-an nìyẹn. Ìkúnayọ̀ wo aṣọ tó wà lórí tábìlì. Ó sọ èjì, ẹ̀ta àti àrún di púpọ̀, ó di ọgbọ̀n. Ó ní, “Aunty, if you get thirty yards, come cut am two-two, wetin go remain?”

“Nothing.”

“Three-three nko? Five-five?”

“Nothing.”

“If na thirty-one nko?”

Agatha fi ìka ṣírò rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. “One yard go remain. Anyhow I cut am, one yard must remain.”

Ìkúnayọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ohun tí ọ̀kan yẹn wà fún nìyẹn! Kò sí práìmù kankan nínú èyí tí a kà tó lè pín nọ́ńbà tuntun náà láìṣẹ́ku. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, gbogbo nọ́ńbà tó ju ọ̀kan lọ ló ní práìmù tó pín in. Òmíràn gbọ́dọ̀ wà níbì kan tí a kò kà.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi tún àwọn ẹ̀rí yòókù tó wà nínú nọ́tì gbé kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan kọ̀, wọn kò gbé kalẹ̀ rárá. Ó sì wá yé e pé òun kò mọ àwọn yẹn rí, nígbà tí nọ́tì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ pàápàá.

C ló gbà nígbà tó tún ìdánwò náà ṣe. Okere, ní Warri, ni òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé nígbà tí èsì jáde, nínú yàrá kan tí eruku ọjà kò jẹ́ kí ìyá náà gbádùn.

“Ṣé ó dára?” ni ìyá bi í.

“Ó dára díẹ̀, Màmá.”

“Díẹ̀ náà tó,” ni ìyá wí, ó sì ń bá ẹja tó ń tò lọ.